Láti Ìtòsí Lọ sí Ọ̀nà Jíjìn: Ìlànà Wíwá Ìdí Àìṣiṣẹ́ Àsopọ̀ Kọ̀ǹpútà Inú Ilé

Àṣamọ̀

Kọ̀ǹpútà ti di ọ̀kan lára irinṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí àsopọ̀ tó wà láàárín àwọn kọ̀ǹpútà ilé wọn bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bébà yìí ṣàlàyé ìlànà tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé láti rí ìdí rẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jinlẹ̀ ni ó ń yanjú ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro wọ̀nyí bí kò ṣe ètò: kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, kí a sì máa yẹ nǹkan kan ṣoṣo wò lẹ́ẹ̀kan.

1.0 Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá jókòó ní alẹ́ láti fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, onírúurú nǹkan ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn á yí gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà padà láìkọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ lọ ra ráútà tuntun, nígbà tó jẹ́ pé wáyà tó yọ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀ ni ó fa wàhálà. Owó á lọ, àkókò á lọ, èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tó yẹ kí ó bi ẹ̀rọ yóò rí ìdáhùn gbà lẹ́nu ẹ̀rọ.

2.0 Ohun tí Àsopọ̀ Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Jẹ́

Àsopọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé ni ètò tó so kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, yálà nípa wáyà tàbí Wi-Fi, kí wọ́n lè jọ lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà àti íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Ráútà ni ẹnu-ọ̀nà agbo ilé yìí. Ohun gbogbo tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ni ó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Òun náà ni ó sábà máa ń pín àdírẹ́sì IP fún àwọn ẹ̀rọ tó kù nípasẹ̀ ètò tí à ń pè ní DHCP. Àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 wà lára àwọn tí a yà sọ́tọ̀ fún lílò abẹ́lé. Ìdí nìyí tí àìmọye ilé fi lè lo nọ́ńbà kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́: nọ́ńbà náà kì í kọjá ẹnu-ọ̀nà. DNS ní tirẹ̀ ni ètò tó ń yí orúkọ ojú òpó padà sí nọ́ńbà, nítorí nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀.

Nítorí náà, ibùdó mẹ́rin ni àbùkù lè fara pamọ́ sí: kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tó lọ sí ráútà, ráútà, àti ìta ilé.

3.0 Àwọn Ìpele Àyẹ̀wò

3.1 Ohun tí Ojú Lè Rí

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ẹ̀rọ kan ni kò ṣiṣẹ́ ni, àbí gbogbo wọn? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ di ti ráútà tàbí ti ìta. Lẹ́yìn èyí ni kí á wo iná ara ráútà, kí á fi ọwọ́ kan orí wáyà kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó wọlé dáadáa, kí á sì wádìí bóyá dátà ti tán. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kí á pa ráútà, kí á dúró fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí á tó tún un tàn.

3.2 Àdírẹ́sì tí Kọ̀ǹpútà Ń Lò

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, àṣẹ ipconfig ni ó máa ń fi àdírẹ́sì IP hàn. Bí èyí tó jáde bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà béèrè àdírẹ́sì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó sì fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Nínú irú ipò yìí, kò tíì kan ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà, ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi àti ráútà ni kí á yẹ̀ wò.

3.3 Ìbéèrè Mẹ́rin

Ping ni ètò tí a fi ń ké sí ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Mike Muuss ni ó kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó lò ó, láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn:

(i) ping 127.0.0.1, tí kọ̀ǹpútà fi ń ké sí ara rẹ̀;
(ii) ping àdírẹ́sì ráútà, èyí tí ipconfig pè ní Default Gateway;
(iii) ping 8.8.8.8, tó jẹ́ ti Google, tó wà lẹ́yìn odi ilé;
(iv) ping orúkọ ojú òpó kan.

Ibi tí ìdáhùn bá ti kọ́kọ́ dáwọ́ dúró ni kí á wá àbùkù sí. Bí (ii) bá dáhùn tí (iii) kò dáhùn, ìṣòro wà ní ráútà tàbí ní ìta. Bí (iii) bá dáhùn tí (iv) kò dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ DNS. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a ti ṣètò pé kí wọ́n má dáhùn ping. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dákẹ́, kí á bi ẹlòmíràn kí á tó dájọ́.

3.4 Wi-Fi àti Ọjọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wáyà ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Wi-Fi, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ògiri tó nípọn, Wi-Fi aládùúgbò àti ẹ̀rọ máíkírówéèfù tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná lè dí ìgbì 2.4 GHz lọ́wọ́. Ìgbì 5 GHz yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò lágbára láti la ògiri kọjá tó o.

Nígbà mìíràn, gbogbo ping á dáhùn, síbẹ̀ ojú òpó tó ní ààbò á kọ̀ láti ṣí. Kí á wo ọjọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá ti kú, ó lè padà sí ọdún tó ti kọjá nígbàkigbà tí iná mànàmáná bá lọ. Kọ̀ǹpútà á wá rò pé ìwé ẹ̀rí ojú òpó náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

4.0 Nígbà tí Àbùkù Kò Sí nínú Ilé

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ráútà rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó lè so okùn abẹ́ òkun pọ̀. Ẹni tó bá ti bi ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí yóò mọ̀ pé ilé òun kò ní àbùkù, yóò sì wá ọ̀nà mìíràn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

5.0 Ọ̀kọ̀ọ̀kan Là Ń Yọ Ẹsẹ̀ Lábàtà

Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́, bí ó bá sì ba nǹkan jẹ́, kò ní mọ èyí tó bà á jẹ́. Kí á yí ọ̀kan, kí á dán an wò, kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá yọrí sí rere, kí á dá a padà sí bó ṣe wà. Ó tún yẹ kí á mọ̀ pé pípa ráútà àti títún un tàn yàtọ̀ sí títẹ bọ́tìnì Reset mọ́lẹ̀. Èyí kejì máa ń pa gbogbo ètò inú ráútà rẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Òun ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn.

6.0 Ìwúlò fún Olùkọ́

Olùkọ́ lè kọ́ni ní ìlànà yìí ní kíláàsì tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n máa fi ìwé pélébé ránṣẹ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí èkejì. Kí olùkọ́ sọ fún ọ̀kan nínú wọn ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó dá ìwé dúró. Kí àwọn tó kù wá ẹni náà rí nípa bíbi ìbéèrè láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé ètò ni ó ń ṣáájú nínú wíwá àbùkù àsopọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ á máa yí padà, orúkọ wọn náà á sì máa yí padà, ṣùgbọ́n bíbẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí kò ní yí padà. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní ra ohun tí kò nílò, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò sì ní tìtorí wáyà kan ṣoṣo há sílé.