Lẹ́yìn chemo, ṣé kéèyàn kàn máa sùn ṣáá ni?

Ká ní ẹ̀gbọ́n yín kan ní Bàríga ṣẹ̀ṣẹ̀ gba chemo tó kẹ́yìn fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Bó ṣe wọlé báyìí, gbogbo ilé dà bò ó: "Má dìde o! Kí lo fẹ́? A máa gbé e wá." Ìfẹ́ ni, ta ló máa bá wọn jà? Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́, ẹ̀rù sì ti ń ba gbogbo wọn pé àìsàn ti padà dé.

Dókítà ló máa sọ bóyá ó padà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ló fà á.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Chemo ń pa sẹ́ẹ̀lì burúkú tó wà níbẹ̀, ó sì ń pa lára àwọn tó dáa. Ẹ̀jẹ̀ pupa á dínkù, ọ́síjìn tó ń dé inú iṣan á kéré, á wá rẹ èèyàn. Tó bá dùbúlẹ̀ nítorí àárẹ̀ yẹn, iṣan itan á máa joro, ìrìn kékeré á di iṣẹ́ ńlá, á tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Prednisolone tí wọ́n máa ń fi kún oògùn náà tún ń jẹ iṣan itan. Oorun nìkan kì í lé irú àárẹ̀ yìí lọ.

Ní 1997, Fernando Dimeo àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní káwọn aláìsàn tó gba chemo líle máa wa kẹ̀kẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́: wọ́n á wà á fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sinmi ìṣẹ́jú kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì o! Okun tí wọ́n pàdánù kéré sí tàwọn tí kò wà á, wọ́n sì tètè relé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé, torí àwọn èèyàn ń yè é. Ní 2003 ni OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní CML ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó máa lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́, nílò ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má tíì sáré lọ sí jímù ṣá. Ẹ kọ́kọ́ wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Platelet ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, ó sì yẹ kó lé ní 150,000. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kéèyàn gbé nǹkan wúwo tí kò bá tó 50,000. Tó bá wá sí 20,000, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tí myeloma ti jẹ egungun rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ béèrè. Tí ẹ̀jẹ̀ funfun bá kéré, ẹ sá fún èrò. Tí ibà bá dé tàbí tí èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Tí dókítà bá gbà, ìrìn ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní Ṣómólú, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ jáde, kí èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ariwo ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ bàtà gidi, torí vincristine máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú, gọ́tà Bàríga ò sì mọ aláìsàn. Ẹ rọra rìn débi tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ láìmí gùlegùle. Òpó iná ni kẹ́ ẹ fi máa kà á: lónìí, òpó kejì, kẹ́ ẹ padà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òpó kẹta.