Ìkòkò Tíì Kan fún Gbogbo Tábìlì

Kí ènìyàn tó fìdí kalẹ̀ dáadáa nínú ilé tíì ní Hong Kong láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, agbáwo á ti bi í pé irú tíì wo ló fẹ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò tí ì yá. Púpọ̀ nínú àwọn àgbààgbà kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì: "Bo lei." Ó parí.

Bo lei ni orúkọ tí àwọn ará Guangzhou àti Hong Kong ń pe tíì Pu'er, tó ń wá láti agbègbè Yunnan, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Ó dúdú, ó sì ki. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti tíì tí wọ́n fi ń yangàn, ọ̀pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ Longjing ti ìlú Hangzhou, tàbí Tieguanyin ti Anxi ní Fujian. Báwo wá ni bo lei ṣe gba ipò iwájú lórí tábìlì tó kún fún edé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹsẹ̀ adìẹ?

Guangzhou ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1757 títí di 1842, ìlú yìí nìkan ni èbúté tí ìjọba Ṣáínà fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Tíì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá jù. Nílùú tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá, alábàárù pàápàá ń mu tíì. Nígbà tó fi máa di ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé tíì kéékèèké ti wà káàkiri ìgboro. Tábìlì onígi, bẹ́ǹṣì onígi àti ewé tíì tí kò níye lórí ló ń bẹ níbẹ̀. Li méjì ni wọ́n ń gbà lórí tíì, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní ilé olówó li méjì. Alágbàṣe á wọlé láàárọ̀, á mu tíì, á fi nǹkan pẹ́ńpẹ́ bí i kéèkì ìrẹsì panu, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Tíì ló wá mu. Ohun jíjẹ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Kò pẹ́ tí àwọn olówó náà fi fẹ́ ibi tí wọ́n á jókòó sí. Ilé tíì alájà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: Tao Tao Ju ní 1880, Lin Heung ní 1889. Olówó ń gun òkè, ẹni tí kò ní ń lóṣòó nísàlẹ̀. Ìdíje wá le débi pé, láàárín ọdún 1920 sí 1939, àwọn ilé tíì kan ń pààrọ̀ oúnjẹ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí oníbàárà má bàa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àsìkò yìí ni har gow di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, tí wọ́n fi ooru omi sè nínú agbọ̀n oparun. Oúnjẹ tó ń sin tíì lẹ́yìn ti bọ́ síwájú.

Síbẹ̀, ìkòkò tíì kan ṣoṣo ló ṣì wà fún gbogbo tábìlì, lójú tèmi ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ìkòkò yẹn ni yóò bá edé ṣe, tí yóò bá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, tí yóò bá ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n dín kí wọ́n tó sè ṣe. Ewé kì í kúrò nínú rẹ̀. Bí omi bá tán, wọ́n á ṣí ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, agbáwo á rí i, á bu omi gbígbóná kún un. Báyìí ni wọ́n á ṣe jókòó, tí ìtàn á máa lọ, fún wákàtí méjì. Ẹ fi Longjing sínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kí ẹ wo bí yóò ti korò tó. Bo lei kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó pẹ́ nínú omi tó, á kàn túbọ̀ ki ni, kò ní korò, á sì ṣan ọ̀rá kúrò lẹ́nu.

Ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin. Nínú ilé ìkẹ́rùsí Hong Kong, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù fún omi, ewé Yunnan a máa dúdú sí i lọ́dọọdún, kíkorò rẹ̀ a sì máa rọlẹ̀. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró fún ogún ọdún? Ní 1973, ilé iṣẹ́ tíì tó wà ní Kunming wá ọ̀nà àbùjá: wọ́n kó ewé jọ ní òkìtì, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ bí àwọn onírú ti ń bo irú kó lè gbóná fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó.

Kò túmọ̀ sí pé bo lei nìkan ló wà. Ẹni tí kò fẹ́ kíki rẹ̀ a ní kí wọ́n da òdòdó chrysanthemum gbígbẹ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí edé nìkan wù lè béèrè sau mei, tíì funfun Fujian tí wọ́n ń fi ewé tó gbó díẹ̀ ṣe. Ó fúyẹ́, kì í bo adùn edé mọ́lẹ̀. Ní Hangzhou, ewé Longjing gan-an ni wọ́n ń bá edé odò sè nínú páànù kan náà. Ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń to tíì mẹ́fà fún oúnjẹ mẹ́fà, ó dára lójú, àmọ́ kò sí alágbàṣe Guangzhou kan tó mu tíì bẹ́ẹ̀ rí.

Lónìí, wọ́n ti ń ka owó tíì sórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá jókòó, ẹ mu ún o, ẹ kò mu ún o. Àwọn àgbààgbà kan ní Hong Kong kì í gbẹ́kẹ̀ lé ewé ilé oúnjẹ. Wọ́n á mú bo lei tó ti pẹ́ dáadáa bọ̀ láti ilé wọn, wọ́n á gbé e fún agbáwo pé kó bá àwọn rẹ ẹ́. Ilé oúnjẹ á sì gba owó tíì lọ́wọ́ wọn pérépéré.