Èéfín Ìdọ̀tí àti Èémí Ènìyàn

Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kó tòmátì, ata, iṣu àti àlùbọ́sà wá sí ọjà Mile 12, tí kò jìnnà sí Àjégúnlẹ̀ ní Kòsọ́fẹ́. Èyí tí ó bá bàjẹ́ nínú wọn a dàpọ̀ mọ́ ọ̀rá àti ike, a sì di òkìtì. Ẹlòmíràn a fi iná sí òkìtì náà, a rò pé ó ti parí. Kò parí rárá. Ohun tí iná jó kò ṣègbé. Ó di èéfín, ènìyàn a sì fà á símú.

Bí a bá kó ohun jíjẹrà jọ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn kò fi lè wọ inú rẹ̀, a máa mú mẹ́téènì jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n iná a máa ràn án kíákíá, ó sì ń mú kí ooru ayé pọ̀ sí i. Irú rẹ̀ ni í máa jáde láti inú ààtàn ńlá. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná jó ní ààtàn Olúsósùn ní Ọjọ́ta. Èéfín bo àdúgbò, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ààtàn náà pa fún ìgbà díẹ̀.

Èéfín ọ̀rá àti ike tún ní benzene nínú, èyí tí ó wà nínú pẹtiróòlù pẹ̀lú. A máa ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Bí oòrùn bá sì pa irú oru báyìí pọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀, a di ozone, tí ń mú ikọ́ fée le, tí ó sì ń ba ewé ọ̀gbìn jẹ́.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ ya ohun jíjẹrà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá. Kí ó kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, kí ó sì máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò di ilẹ̀dú tí ẹ̀fọ́ fẹ́ràn. Kí ó kó ọ̀rá àti ike fún àwọn akólẹ̀, kí ó má ṣe sun wọ́n, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé pẹtiróòlù sínú iyàrá tí a ń sùn. Kí ìyá tí ń fi igi dáná má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ààrò, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kò tíì gbó.