ỌMỌ OPÓ TÓ JẸ MÉYỌ̀ ÌLÚ ŃLÁ, TÓ TÚN PADÀ WÁ JÓKÒÓ NÍ KÓÒTÙ KÉKERÉ!

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi owó ata àti gàrí rán ọmọ níléèwé, láti Ìgbólé títí dé Ìdó-Èkìtì, ẹ sún mọ́ ibí. Ìtàn Carl Stokes kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1927. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀, kú. Louise ìyá rẹ̀ ló ń lọ nu ilẹ̀ ilé onílé kó tó rówó bọ́ òun àti Louis ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iṣẹ́ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ obìnrin yìí di líle bí igi. Ìwé, ìwé ṣáá ló ń kọ sí wọn létí, kí ọwọ́ tiwọn má baà dà bí tòun.

Ṣé Carl gbọ́? Rárá o! Ó fi iléèwé sílẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ìgbà tó dé ló tó ronú, ló bá padà síléèwé, ó parí ní 1947. Nígbà tó di 1957, ó ti di lọ́yà.

Ní 1965 ó du ipò Méyọ̀, irú èyí tí Dókítà Olorun-Nimbe wà l'Ékòó láàrin 1950 sí 1953. Ìbò díẹ̀ ló fi pàdánù. Kò bínú jókòó sílé. Ní 1967 ó tún jáde, ó sì na Seth Taft, ọmọ-ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà kan! Bẹ́ẹ̀, òyìnbó ló pọ̀ jù nílùú náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ṣe Méyọ̀ irú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní June 1969, odò Cuyahoga tó gba ìlú náà kọjá gbiná. Odò tó ń jó kẹ̀? Epo àti ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ló bò ó lójú. Ó ti jó rí lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò kà á sí. Lọ́jọ́ kejì, Stokes kó àwọn oníròyìn lọ sétí odò, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ariwo odò yẹn wà lára ohun tó bí òfin omi mímọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1972.

Ó kúrò nípò ní 1971, ó lọ ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ní New York. Ní 1983, àwọn ará Cleveland dìbò yàn án ṣe adájọ́. Kì í ṣe kóòtù gíga o! Kóòtù ìlú ni, ti ẹjọ́ gbèsè, ìjà àdúgbò àti ẹ̀sùn awakọ̀. Ẹni tó ti pàṣẹ fún gbogbo ìlú ló jókòó tó ń gbọ́ ẹjọ́ mẹ̀kúnnù, títí di 1994. Ó kú ní 1996. Louis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lo ọgbọ̀n ọdún nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹlòmíràn á ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ tán, ó tún dọjọ́ tó bá fẹ́ gba ìbò ká tó rí i.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó sá níléèwé ṣì lè padà. Ẹ̀yin alága àná, kí lẹ lè padà wá ṣe fún ìlú láìsí ọlọ́pàá níwájú mọ́tò yín? Ẹ kọ̀wé sí wa, à ń retí yín.