Ìmọ̀ wà ní LASU, oko wà l'Ọ̀jọ́: báwo ni wọn yóò ṣe pàdé?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ l'Ékòó ló ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ lágbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, tí àwọn mìíràn sì ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Àdúgbò yìí kan náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, wà. Kí ló wá dé tí ìmọ̀ ọ̀mọ̀wé fi máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀?

Ìdí kan ni ètò ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1914 ló gbé iṣẹ́ kíkọ́ àgbẹ̀ nínú oko lé àwọn yunifásítì lọ́wọ́, tòun ti owó rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ ADP ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni iṣẹ́ náà. LSADA ni ti Èkó. Nígbà tí owó tí Báńkì Àgbáyé ń yá àwọn àjọ wọ̀nyí dópin láàárín ọdún 1990 sí 1999, ọwọ́ iṣẹ́ wọn rọlẹ̀.

Síbẹ̀, yunifásítì kan ti gbìyànjú rẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1969, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ìṣọ̀yà láwọn abúlé tó wà nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n mú àgbàdo tuntun àti ọ̀sìn adìẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó, wọ́n sì kọ́ àgbà ní ìwé kíkà. Ní Abẹ́òkúta, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 ní ẹ̀ka kan, AMREC, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé ìmọ̀ lọ bá àgbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ ló ń kó èyí tó ju ìdajì lọ nínú owó tí a fi ń sin ẹja. Ká sọ pé ẹnì kan da 1,000 ọmọ ẹja sómi, tí 300 sì kú nítorí omi tó bàjẹ́: gbogbo oúnjẹ tí 300 yẹn ti jẹ ti di àdánù. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń yẹ omi wò ìbá ti kìlọ̀ fún un kó tó dà bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀fọ́: oògùn apakòkòrò kọ̀ọ̀kan ní iye ọjọ́ tó yẹ kó kọjá kí a tó já ewé lọ sọ́jà, ara ike rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí. Àgbẹ̀ tí kò lè ka ìwé ara ike nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé, nítorí ìlera oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àmọ́ àǹfààní náà kì í ṣe ti àgbẹ̀ nìkan. Ọ̀mọ̀wé tó bá ń lọ sóko ni yóò mọ̀ pé ẹni tó ń dáko sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà kò ní fẹ́ ná owó gọbọi sórí kànga tàbí ẹ̀rọ omi. Ìmọ̀ràn tó bá a mu ni èyí tí yóò mówó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ohun tó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí ṣe ni kí wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí ó rọrùn fún olùkọ́ láti bá ogún èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ju kó máa kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ìṣòro wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí LSADA àti LASU. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wá bi wọ́n ní ìbéèrè fún ìwádìí, kí wọ́n béèrè ìgbà tí yóò padà wá sọ àbájáde fún wọn.