Ọkọ̀ Fáíbà Tuntun: Ohun Tó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó San Owó Ìkẹyìn

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Alímọ̀ṣọ́ tí à ń gbé yìí kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n ẹja ti so wá mọ́ omi. Ẹni tó bá ń ta ẹja tútù tàbí ẹja yíyan ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò mọ ohun tó jẹ́ láti jí ní kùtùkùtù lọ bá àwọn apẹja ní Ọ̀jọ́, ní Àgbádárìgì tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó bá yá, ọlọ́jà a máa rò ó pé dípò kí òun máa du ẹja létí omi, ó sàn kí òun ra ọkọ̀ fún àbúrò tàbí ọmọ òun tó ń pẹja. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó ẹ̀yáwó ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ náà sì ni onídùúró ti ń fi ọwọ́ sí ìwé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fi kan gbogbo wa nínú Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù.

Ọkọ̀ fáíbà ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ báyìí, wọn kò sì jẹ̀bi. Igi ńlá tí à ń gbẹ́ ọkọ̀ ti di ọ̀wọ́n, kòkòrò inú omi iyọ̀ a sì máa lu pákó ní ihò bí ajere. Fáíbà kì í jẹrà bí igi, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ó lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí "bí wọ́n bá ṣe é dáadáa" yẹn. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti pákó, ojú lásán lè rí igi tí kò dára. Bí ó bá jẹ́ ti fáíbà, awọ tó ń dán ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kóńgò tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ bọ inú, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún yín: ó kún dé ẹnu, ṣùgbọ́n ìrẹsì inú rẹ̀ kò pé.

OHUN TÍ FÁÍBÀ JẸ́

Fáíbà kì í ṣe ike lásán. Òwú tí a fi gíláàsì ṣe ni, tí wọ́n tẹ́ bí ẹní tàbí tí wọ́n hun bí aṣọ. Èyí tí wọ́n tẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní máàtì, èyí tí wọ́n hun ni wọ́n ń pè ní roving. Wọn a kọ́kọ́ fi gel coat kun inú mọ́ọ̀dù. Òun ni awọ òde ọkọ̀ tó ń dán. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ́ máàtì lé e, wọn yóò fi résìn rin ín, wọn yóò sì fi rólà tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Wọn yóò tún tẹ́ òmíràn lé e, títí yóò fi nípọn tó. Résìn nìkan a máa sán, òwú nìkan kò sì lè dá omi dúró. Àwọn méjèèjì ní láti wọ inú ara wọn, bí irin àti kọnkéré nínú òpó ilé.

Résìn nílò catalyst kí ó tó le. Gíráàmù 10 sí 20 catalyst ló máa ń tó fún kílò kan résìn. Bí ó bá kéré jù, ara ọkọ̀ yóò rọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, résìn yóò gbóná, yóò sáré le, yóò sì máa sán. Òjò náà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí máàtì tó ti fa ọ̀rinrin kì í mu résìn dáadáa. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ tí òrùlé ń jò, tí máàtì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà òjò, tí oníṣẹ́ sì ń fi ojú wọn catalyst láìlo òṣùwọ̀n, kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÌLÚ ÒKÈÈRÈ

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Indonesia, omi sì ru jáde. Àwọn tó kú lé ní 200,000, ní Indonesia, Sri Lanka, Íńdíà àti àwọn ìlú mìíràn. Omi gbá ọkọ̀ àwọn apẹja lọ. Owó ìrànlọ́wọ́ rọ́ wọlé láti gbogbo ayé, gbogbo ènìyàn sì ń kánjú láti fún apẹja ní ọkọ̀. Àwọn tí kò ṣe ọkọ̀ rí dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ fáíbà tuntun náà kò yẹ fún òkun. Ní ọdún 2009, wọ́n tẹ ìwé kan jáde láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ bí a ti ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe olè nìkan ló ń ṣe ọkọ̀ tí kò dára. Ìkánjú àti àìmọ̀ náà ń ṣe é, olówó tí kò bèèrè ohunkóhun náà sì ń bá wọn ṣe é.

OHUN MÉJE TÍ A NÍ LÁTI WÒ

1. Ìṣirò. Ẹ mú ojú ibi tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Máàtì tí wọ́n ń pè ní 450 jẹ́ gíráàmù 450 ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Yóò mu résìn bíi kílò kan, yóò sì nípọn tó mìlímítà kan. Ká sọ pé ara ọkọ̀ jẹ́ ogún ojú bẹ́ẹ̀, tí a sì fẹ́ ìpele mẹ́fà: máàtì yóò jẹ́ kílò 54, résìn yóò jẹ́ nǹkan bí kílò 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 174, láìka gel coat àti egungun inú ọkọ̀. Bí rìsíìtì bá fi ìdajì résìn yìí hàn, ẹ bèèrè ibi tí ìyókù wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ìpele sínú ìwé àdéhùn: ti ìhà ọkọ̀, ti ìsàlẹ̀, àti ti ibi tí ọkọ̀ fi ń wọ́ lórí iyanrìn, nítorí ibẹ̀ ló yẹ kó nípọn jù.

2. Inú ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Ẹ má gbà kí wọ́n kun inú ọkọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ibi tí òwú bá funfun, òun ni résìn kò dé. Ibi tí ó bá ní ìléròrò, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Ibi tí résìn bá dá sí bí adágún, yóò sán níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí òórùn résìn sì ń ta yín nímú gidigidi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò tí ì le tán.

3. Ìró. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa fi kan ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́ láti imú dé ìdí. Ibi tó dára a máa dún gan-an, ìró rẹ̀ a sì mọ́. Ibi tí ìpele ti yà kúrò lára ara wọn a máa dún bí ohun tó ṣófo tàbí tó kú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n gé e kí wọ́n tún un ṣe lójú yín.

4. Àjákù. Bí wọ́n bá ti gé etí ọkọ̀ tàbí tí wọ́n lu ihò, àjákù máa ń wà. Ẹ gba díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì sun ún níta gbangba, kí ẹ̀yin wà níbi tí èéfín kò ti ní dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí èéfín náà kò dára fún ara. Résìn yóò jó tán, òwú gíláàsì yóò ṣẹ́kù. Ẹ lè ṣí ìpele rẹ̀ bí ojú ìwé kí ẹ kà á. Bí gíráàmù 100 bá di nǹkan bí 30 sí 45, ó bójú mu. Bí ó bá kéré sí 25, résìn pọ̀ ju òwú lọ. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun lú résìn kí ó lè pọ̀.

5. Ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń so sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Plywood ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gba àjákù plywood náà, kí ẹ sè é nínú omi fún wákàtí bíi mélòó kan. Bí ó bá ṣí bí àkàrà olójú ewé, kì í ṣe ti ojú omi. Gbogbo ihò bọ́ọ̀tì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi résìn dí inú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò wọlé, pákó yóò jẹrà láàárín fáíbà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi ya ìdí ọkọ̀ lọ.

6. Egungun àti etí. Ẹ dúró sínú ọkọ̀ kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń ru sókè tó ń rọlẹ̀ bí agolo mílíìkì, egungun rẹ̀ kò tó. Ibi tí egungun bá ti fi etí mímú kan ara ọkọ̀ ni yóò ti sán. Ó yẹ kí oríkèé rẹ̀ rí róbótó, kí máàtì sì bò ó lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí a ń so okùn àti ìdákọ̀ró mọ́ gbọ́dọ̀ ní bọ́ọ̀tì tó la ara ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú irin tàbí pákó lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣó lásán kò lè gbà á.

7. Omi. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lọ. Ọkọ̀ pákó tó dojú dé ṣì máa ń léfòó, àwọn apẹja a sì dì í mú títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Lítà kan fáíbà wúwo tó kílò kan àtààbọ̀, omi jẹ́ kílò kan péré. Nítorí náà, fáíbà tí kò ní ohun tó gbé e ró yóò rì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Fóòmù tí omi kì í wọ̀ ni a fi ń gbé e ró. Fóòmù tó tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin lè gbé nǹkan bí kílò 100 dúró. Fóòmù ibùsùn kò wúlò, nítorí yóò fa omi. Èyí tó funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, résìn àti epo bẹntiróòlù a máa jẹ ẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí etí ọ̀sà níbi tí kò jìn. Ẹ so irin tó wúwo tó ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin tó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì bu omi kún un dé ẹnu. Bí ó bá dúró gbọọrọ lójú omi, ó yè. Bí ìdí rẹ̀ bá rì, ẹ dá a padà.

BÍ A TI Ń SAN OWÓ

Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì rì ní ọdún kejì. Ẹ́ńjìnnì ti lọ, àwọ̀n ti lọ, apẹja lè má padà wálé. Ẹ̀yáwó kò lọ. Onídùúró tí kò fi ẹsẹ̀ kan omi rí ni yóò máa san án. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni kí a pín owó sí: àkọ́kọ́ fún ohun èlò, pẹ̀lú rìsíìtì, èkejì nígbà tí a bá ti wo inú ọkọ̀ láìtíì kùn ún, ìkẹyìn lẹ́yìn tí a bá ti bu omi kún un lójú wa. Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ tó dára kò ní bínú, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí i. Èyí tó bá ń kánjú láti kun inú ọkọ̀ kí ẹ tó dé, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀.

Láti Ìgàndò sí Ìyànà-Ìbà kò jìn, ẹ̀yìn ìyẹn sì ni Ọ̀jọ́. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, apẹja tí yóò lò ó, àti onídùúró jọ lọ síbi iṣẹ́ náà, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.