Òfò tí kò tíì dé ọ́fíìsì: Ìṣirò asuráǹsì tó yẹ kí ọmọ Kútọnu kọ́ lórí kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọjà láti Tokpa ní Kútọnu lọ sí Badagry mọ̀ pé wàhálà ìjàǹbá ọkọ̀ kì í parí lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Benin kọlu ẹlẹ́sẹ̀ kan lójú ọ̀nà Badagry nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó fara pa wà nílé ìwòsàn, àwọn ọlọ́pàá ń kọ ìwé tiwọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ asuráǹsì sì wà ní Kútọnu níbi tí wọ́n ti ń kọ Faransé. Kí ìwé náà tó dé orí tábìlì, ọdún tuntun ti wọlé. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣírò owó rẹ̀ títí dé ìparí oṣù Kejìlá.

Báwo ló ṣe máa ya owó sọ́tọ̀ fún òfò tó ti ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Asuráǹsì dà bí àjọ. Alájọ tó bá rí owó nínú àpótí, tó sì rò pé tòun ni gbogbo rẹ̀, ọjọ́ ìsanwó ni àṣírí rẹ̀ máa tú. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ tó bá ya owó tó kéré jù sọ́tọ̀ lè pín èrè lọ́dún yìí, kó wá máa sọ fún ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ pé kó máa lọ, kó máa bọ̀.

Òfin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Kútọnu níbí ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé Carte Brune ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, kí asuráǹsì ọkọ̀ tí a ra nílé lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe ní orílẹ̀-èdè kejì. Benin tún wà lábẹ́ òfin CIMA, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yaoundé lọ́dún 1992. Òfin yìí pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa tọ́jú owó fún òfò tí kò tíì san, títí kan èyí tí ìròyìn rẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹ jẹ́ ká fi owó tí a fọkàn rò ṣe àpẹẹrẹ, ní mílíọ̀nù sẹ́fà. Fún ìjàǹbá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ kan san 100 kí ọdún náà tó parí. Ní ìparí 2023, àpapọ̀ rẹ̀ di 150. Ní ìparí 2024, ó di 165. Fún ìjàǹbá 2023, ó san 120 lọ́dún àkọ́kọ́, ó di 180 lọ́dún kejì. Fún ti 2024, 80 péré ló tíì san.

Tí a bá tò ó sórí ìwé, ìlà kìíní ní nọ́ńbà mẹ́ta, ìkejì ní méjì, ìkẹta ní ẹyọ kan: onígun mẹ́ta nìyẹn. Láti ọdún àkọ́kọ́ sí ìkejì, 220 di 330, ìyẹn ìlọ́po 1,5. Láti ìkejì sí ìkẹta, 150 di 165, ìlọ́po 1,1. Tí a bá gbà pé ọdún kẹta ni owó máa ń san tán, 180 máa di 198, 80 náà máa di 132. Ó ku 18 àti 52. Mílíọ̀nù 70 ni ilé-iṣẹ́ náà ṣì jẹ, kì í ṣe èrè. Chain ladder ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é ni R, tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà àlòkù gbé e, tí ẹ bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ ChainLadder sí i. Onígun mẹ́ta kan wà nínú rẹ̀ fún ìdánrawò, RAA ni orúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ MackChainLadder(RAA), yóò sọ iye tó yẹ ní yíyà sọ́tọ̀, yóò sì sọ bí iye náà ṣe lè yẹ̀ sí. Thomas Mack, ará Jámánì, ló gbé ọ̀nà yẹn jáde lọ́dún 1993.

Ìmọ̀ràn wa fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ ni pé kó kọ́kọ́ fi bírò àti ìwé ṣe àpẹẹrẹ òkè yìí, kó tó gbé e sórí R. Tí ìdáhùn méjèèjì kò bá dọ́gba, kó wá ibi tó ti ṣàṣìṣe.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un. Akọ̀wé tó bá kọ ọjọ́ tí ìwé dé sí ibi tó yẹ kó kọ ọjọ́ ìjàǹbá ti da gbogbo ìṣirò rú. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ọlọ́jà àti awakọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè fi tó ilé-iṣẹ́ yín létí, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì ilé ìwòsàn àti ti mẹkáníìkì. Ìròyìn tó bá tètè dé ló ń jẹ́ kí owó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gbà á.